Ẹ Má Ṣe Fi Epo Pa Bíréèkì Lẹ́nu Mọ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe ìlérí pé n ó sọ ohun tí ó gbé mi ṣubú lójú ọjà fún yín, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ó ti wá di dandan báyìí, nítorí pé ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti dá mi dúró lójú ọ̀nà láti bi mí léèrè ohun tí àwọn lè ṣe sí bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí ó ń ké, tí ó sì ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Olùkọ́ bí tèmi ni méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta ń fi kẹ̀kẹ́ kiri búrẹ́dì. Nígbà tí oníbúrẹ́dì yìí sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé òun ti rí oògùn rẹ̀, pé epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ ni òun ń kán sí i láràárọ̀, mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ti rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Owó ọ̀kadà tí mo ń san láti ilé dé ilé-ìwé fò sókè, owó oṣù mi kò sì fò tẹ̀ lé e. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, mo sì rí i pé bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́, owó ìwé ọmọ yóò máa ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Báyìí ni mo ṣe lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ náà dára lójú: ó ní jíà, táyà rẹ̀ nípọn, rímù rẹ̀ ń dán. Mo de ìjókòó kékeré mọ́ káríà ẹ̀yìn fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, mo sì fi páálí líle bo ẹ̀gbẹ́ sípóòkù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kó sí i. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láì bo sípóòkù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bò ó lónìí.)

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti Raleigh tí bàbá mi gùn nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀pá irin ni ó ń fa ti Raleigh àtijọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ọwọ́ hándù, ọ̀pá á fa rọ́bà méjèèjì sókè kí wọ́n lè fara ti inú rímù. Kì í tètè dúró, bí òjò bá sì pa rímù rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ pàdé màlúù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìyọnu rẹ̀ kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mi, apá irin kúkurú méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí bóòtì dè mọ́ ìdí irin kékeré tí wọ́n jó mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Wáyà kékeré kan so orí apá méjèèjì pọ̀, wáyà ńlá tí ó ti ọ̀dọ̀ hándù wá sì gbá wáyà kékeré náà mú ní àárín. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, wáyà ńlá á fa ti kékeré sókè, apá méjèèjì á yí sínú, rọ́bà wọn á sì há ẹ̀gbẹ́ rímù mọ́ àárín. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, sípíríǹgì á dá wọn padà. Cantilever ni àwọn tí ó ṣe é ń pè é.

Láti ọjọ́ kejì tí mo ti rà á ni ó ti ń ké. Kì í sì í ṣe igbe kékeré. Bí mo bá ti ń wọ ọgbà ilé-ìwé ni àwọn ọmọ á ti máa sín in jẹ, wọ́n á ní, "Íííí! Tíṣà ti dé o!" Ọ̀gá wa pàápàá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n jọ̀wọ́ máa sọ̀kalẹ̀ ní ẹnu géètì, nítorí pé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń fò dìde lórí àga. Èyí tí ó burú jù igbe lọ ni gbígbọ̀n. Bí mo bá tẹ bíréèkì iwájú ní ibi tí ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo hándù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi dé èjìká, bí ẹni tí ó di ẹ̀rọ ìlọta mú.

Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tí ó wà ní ọ̀nà ilé-ìwé. Kò béèrè ohunkóhun. Ó mú agolo epo, ó kán an sí ara rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì yí táyà kí epo lè ká rímù. Ó ní kí n tẹ bíréèkì wò. Igbe ti tán, ó dákẹ́ lọ bí ẹyẹ tí ó sùn. Mo san ₦500, mo dúpẹ́, inú mi sì dùn dé ilé. Olùkọ́ ni mí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa fífarakínra ohun méjì, pé epo ń dín in kù, pé òun sì ni ó ń dá ohun tí ó ń yí dúró. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó ní ọdọọdún. Ṣùgbọ́n n kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé àdínkù ariwo ni mo ń wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni èmi àti ọmọ mi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó ti Òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà Ọjà Ọba. A bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kò dẹwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan hándù, rọ́bà ń yọ̀ lára rímù bí ẹni tí ó tẹ ilá mọ́lẹ̀. Ọmọ gbá mi nínú mú láti ẹ̀yìn, ó ń ké pé, "Bàbá, ẹ dúró! Bàbá, ẹ dúró!" Ohun tí mo ń gbìyànjú àtiṣe gan-an nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi kan ya. Níwájú wa ni àwọn ènìyàn ti ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àtẹ ata àti tòmátì kan wà, èmi, kẹ̀kẹ́ àti ọmọ sì wó lé e lórí.

Ìyá aláta kò wo ata rẹ̀ rárá. Ọmọ ni ó kọ́kọ́ gbé, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi omi mímu rẹ̀ fọ orúnkún rẹ̀ tí ó bó. Nígbà tí ó rí i pé eegun kankan kò ṣẹ́ ni ó tó yíjú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì ni ẹ gbé ọmọ lé?" Mo fẹ́ sọ pé, "Ó ní bíréèkì, mà," ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé e. Mo san ₦9,000 fún ohun tí mo bà jẹ́, lẹ́yìn tí ó ti yọ díẹ̀ kúrò nítorí ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi kò bá mi wí. Ó kàn ń fi omi gbígbóná tẹ orúnkún ọmọ, kò sì wo ojú mi. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ó fi ìka kan ra rímù, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Ta ni ó ta epo sí i?" Mo ròyìn fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, bí ọmọ bá ń ké, ṣé aṣọ ni ẹ máa kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni, àbí ẹ ó bi í ní ohun tí ó ń ṣe é?"

Ohun tí ó fi hàn mí láàrin ọjọ́ mélòó kan tí mo fi ń lọ jókòó tì í nìyí, bí mo ti lè rántí rẹ̀ tó.

Epo ni a kọ́kọ́ bá jà. Omi ọṣẹ ni a fi fọ rímù lẹ́ẹ̀mejì, a fi aṣọ mímọ́ tí a ti rẹ sínú sípírítì nù ún títí aṣọ kò fi dúdú mọ́. Mo mú kẹrosíìnì wá, Bàbá dá a padà. Ó ní kẹrosíìnì náà, epo ni. Ní ti rọ́bà, a sọ wọ́n nù. Bí rọ́bà bá ti mu epo, ẹni tí ó ń fi sánpépà ha á ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé epo ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti yín kò bá tíì kan epo, tí ojú rẹ̀ kàn ń dán bí gíláàsì, ẹ fi sánpépà ha á díẹ̀, kí ẹ sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ èérún irin tí ó bá há sínú rẹ̀. Irú èérún bẹ́ẹ̀ a máa jẹ rímù, a sì máa ké.

A fi rọ́bà tuntun sí i. Ó dúró dáradára, ṣùgbọ́n ó tún ké, ó sì tún gbọ̀n! Ẹ rí i pé epo kò wo àìsàn náà sàn rárá. Ó bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bàbá ní kí a wá ohun tí ó dẹ̀. Ó tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, ó fi ìka ọwọ́ kejì sí ọrùn kẹ̀kẹ́, níbi tí fọ́ọ̀kì gbé wọ inú férémù, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Ó ní kí èmi náà fi ìka mi síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ọrùn ti dẹ̀. Ó fi sípánà méjì fún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ títí kíkọ̀ náà fi tán, síbẹ̀ tí hándù ṣì ń yí wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó di táyà mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bí àárín rẹ̀ dẹ̀. Ó di apá bíréèkì kọ̀ọ̀kan mú, ó mì ín bákan náà. Ó yí táyà, ó sì ń wò bí rímù bá wọ́ tàbí bí ó bá ní ibi tí ó tẹ̀ wọnú. Ti tèmi kò ní. Bí ó bá ní in, bíréèkì á máa fà á, á máa fi í sílẹ̀, ní ìyípo táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ń tẹ̀ lé eré kẹ̀kẹ́.

Gbígbọ̀n dín kù, igbe kò dín kù. Ibí ni mo ti fi iṣẹ́ tèmi ran Bàbá lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí ó sọ, mo ti mọ̀ ọ́n ní ojú pátákó. Bí olùkọ́ bá di ṣọ́ọ̀kì mú gbọọrọ, tí ó sì ń tì í síwájú, ṣọ́ọ̀kì á dún kẹ́ẹ́ẹ́, gbogbo kíláàsì á di etí. Ó ń lẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń lẹ̀, ó ń yọ̀, ní kíákíá débi pé a ń gbọ́ ọ bí ohùn kan ṣoṣo. Bí ó bá dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, tí ó ń fà á dípò kí ó máa tì í, á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni rọ́bà bíréèkì. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan rímù, á máa gún un, á sì ké. Iwájú rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ, ni kí ó kọ́kọ́ kàn án. Kí ẹ̀yìn jìnnà sí i ní bíi mìlímítà 1.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Mo gé ẹ̀yìn ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé, mo ká a títí ó fi nípọn tó mìlímítà 1, mo fi í sí àárín rímù àti ìparí ẹ̀yìn rọ́bà. Mo dẹ nọ́ọ̀tì rọ́bà, mo ní kí ẹnì kan bá mi tẹ bíréèkì pinpin, mo sì fún nọ́ọ̀tì náà padà kí ó tó tú u sílẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ti kọ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ náà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé rọ́bà ń gbá rímù mú. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó di eyín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tètè fi í sílẹ̀ nígbà tí mo ní ó tó.

Àwọn kan wà tí bóòtì rọ́bà wọn kò ṣeé yí báyìí. Mo ti rí ẹni tí ó fi sípánà ńlá tẹ apá bíréèkì fúnra rẹ̀. Bàbá lòdì sí i gidigidi, ó ní irin fúlẹ́fúlẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sán láì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ kúkú fi sánpépà ha ẹ̀yìn rọ́bà dà kí ó lè da gẹ̀rẹ́. Ẹ sì ríi dájú pé rímù nìkan ni rọ́bà ń kàn. Bí ó bá kan táyà, á gé e. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, á bọ́ sábẹ́ rímù lọ bá sípóòkù. Irú bíréèkì yìí sì rèé, bí rọ́bà rẹ̀ ti ń jẹ tán ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ibẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń tò lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé.

Igbe tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, hándù ṣì ń gbọ̀n díẹ̀. Èyí ni ó pẹ́ jù kí ó tó yé mi. Wáyà ńlá ní àpò tí ó bò ó, àpò náà sì parí sí ara irin kékeré kan ní ọrùn hándù lókè; wáyà lásán ni ó ń ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá apá bíréèkì lára fọ́ọ̀kì. Nígbà tí rọ́bà bá di rímù mú, ilẹ̀ ń fa ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì sẹ́yìn, fọ́ọ̀kì á sì tẹ̀ díẹ̀. Bí ó ti tẹ̀, àárín irin òkè àti apá ìsàlẹ̀ gùn sí i. Wáyà kì í ràn, nítorí náà ó fa bíréèkì le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìka yín kò kúrò ní ibi tí ó wà. Rọ́bà á há jù, á yọ̀, fọ́ọ̀kì á ta padà, wáyà á dẹ̀, rọ́bà á tún há. Ó dà bí ewúrẹ́ tí a so lọ́rùn: bí ó ti ń fà ni okùn ń fún un, bí ó bá rọ̀ ọ́, okùn á dẹ̀, á sì tún fà. Ìgbà púpọ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni ọwọ́ wa ń gbọ́ bí ìwárìrì.

Bàbá tú àpótí irin àlòkù rẹ̀, ó mú irin kan tí ó tẹ̀ bí ìgbúnwọ́ jáde, ó fi bóòtì dè é mọ́ ihò tí ó wà ní iwájú orí fọ́ọ̀kì, lókè táyà, ó sì mú kí àpò wáyà parí síbẹ̀ dípò òkè ọrùn. Báyìí, irin àti apá bíréèkì jọ wà lára fọ́ọ̀kì. Bí fọ́ọ̀kì bá tẹ̀, wọ́n jọ ń tẹ̀ ni, kò sí ohun tí ó ń fa wáyà. Gbígbọ̀n náà tán.

Ẹni tí kò bá rí irú irin bẹ́ẹ̀ lè wá bíréèkì alápá gígùn tí Shimano gbé jáde ní ọdún 1996, tí wọ́n ń pè ní V-brake. Ìdí kan náà lára fọ́ọ̀kì ni ó ń jókòó lé, àpò wáyà rẹ̀ sì parí sí ara apá rẹ̀ gan-an, nítorí náà títẹ̀ fọ́ọ̀kì kò kàn án. Ó pọ̀ lára àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ bíréèkì tirẹ̀ mọ́ ọn. Wáyà tí ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ ń fà kò tó fún un. Yóò kan hándù kí bíréèkì tó di rímù mú dáradára.

Àwọn ènìyàn mìíràn, nígbà tí bíréèkì iwájú bá ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á tú u pátápátá, wọ́n á ní ti ẹ̀yìn tó. Kò tó. Ẹ rántí bí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ti máa ń dà síwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo yín àti ti kẹ̀kẹ́ ń dà sórí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn á sì fúyẹ́, á máa wọ́ nílẹ̀ lásán. Bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni ó tún kù, n kò sì fẹ́ kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Bí wáyà ńlá bá já, wáyà kékeré tí ó so apá méjèèjì pọ̀ lè já bọ́ sórí táyà, kí ó kó sí i, kí táyà iwájú dúró gbọn-in, kí ẹni tí ó gùn ún sì ta orí kodò. Irin kékeré tí ó gbé dígí tí ń tàn nínú iná ọkọ̀, tí ẹ máa ń rí lókè táyà iwájú, a máa gba wáyà náà dúró. Ẹ má ṣe yọ ọ́ nítorí ẹwà. Kí ẹ sì máa wo wáyà ńlá ní ìdí ọwọ́ bíréèkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí okùn rẹ̀ kan ṣoṣo bá ti já, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Mo ti lọ bá oníbúrẹ́dì wa nílé, a sì ti jọ fọ rímù rẹ̀. Agolo epo náà wà lọ́dọ̀ mi.

Ní ti ọmọbìnrin mi, ó ti tún ń jókòó lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí Òkè Mápó, á fi ọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, n ó dúró, á sọ̀kalẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀. N kì í bá a jiyàn. Mo máa ń dúró dè é níwájú àtẹ ìyá aláta, bí ó bá sì ti dé, ìyá á bi í, kì í ṣe èmi, bóyá bíréèkì dára lónìí.